Ẹgbẹ́ ti kógbá sílé: níbo la ti lè rí ẹ̀rí sáà tí agbábọ́ọ̀lù lò níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ètò Coverciano dáadáa, ibùdó tí FIGC, àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì, ti ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan, ọmọ Ítálì, ni mò ń bá to ìwé rẹ̀. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ti gbá fún ní Serie C àti Serie D, ìpele kẹta àti ìkẹrin níbẹ̀. Ó ti ní ìwé àṣẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá UEFA B, tó gbà á láàyè láti kọ́ ẹgbẹ́ àgbà dé Serie D. UEFA A ló kàn, torí láìsí i, kò lè jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Serie C, kò sì lè ṣe igbákejì ní Serie A tàbí B. Àyè kò pọ̀ ní kíláàsì yìí. Máàkì ni wọ́n fi ń ṣa èèyàn, sáà tó fi gbá bọ́ọ̀lù sì wà lára rẹ̀.

Ibi tó ti dí nìyí: mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ti wọko gbèsè, wọ́n ti kógbá sílé. Àwọn ẹgbẹ́ tuntun tó dìde ní ìlú kan náà ní ìwé àtijọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn. A ti rí àdéhùn iṣẹ́ sáà méjì àti ìwé owó oṣù díẹ̀. Àkọsílẹ̀ orí Transfermarkt, ìkànnì ìsọfúnni nípa agbábọ́ọ̀lù, pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àjọ.

Ta gan-an ló ń fúnni ní àkọsílẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù: FIGC, Lega Pro tó ń darí Serie C, àbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, AIC? Ṣé ìkéde tó fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ tó? Sáà tó sì jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ló ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣé ó ń fúnni ní máàkì?