Ẹ gbà mí: ọmọ mi ò gbà pé owó ọlọ́kadà ló ba ìṣirò jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Ọmọ mi obìnrin tó ń múra WAEC gbé "direct variation" (bí ọ̀kan bá di ìlọ́po méjì, èkejì náà á di ìlọ́po méjì) wá bá mi lálẹ́ àná. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Yáàdì kan 1,500 náírà, mẹ́ta 4,500, mẹ́fà 9,000. Pín owó sí iye yáàdì, 1,500 náà ni yóò máa jáde. Òun ni k inú y = kx (y ni owó, x ni iye yáàdì). Ó yé e, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tó ní, "Màámi, tí ọlọ́kadà tó gbé e lọ bá gba 500 ńkọ́?" Mẹ́ta di 5,000, mẹ́fà di 9,500. Aṣọ di ìlọ́po méjì, owó ò dé ìlọ́po méjì. Ó ní direct náà ṣì ni, ṣebí bí aṣọ ṣe ń pọ̀ lowó ń pọ̀! Mo ya ìlà owó méjèèjì (graph) sẹ́yìn ìwé ìgbowó: ọ̀kan gba orí òdo kọjá, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 500. Ó kàn ń wò mí ni (orí kunkun bàbá rẹ̀).

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, báwo lẹ ṣe ń là á yé wọn pé pípọ̀ pọ̀ nìkan ò tó? Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìdánwò wọn.