Ọnà ni, kì í ṣe ọ̀nà: èsì sí "ayàwòrán ìtàkùn"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín láti Ìkéré-Èkìtì.

Ẹ̀gbọ́n wa kan fi iṣẹ́ ńlá ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bá àwọn tó ń ṣe ojú ìkànnì jẹun, tí òyìnbó ń pè ní web designer, sọ̀rọ̀, àwọn kan l'Ékòó, àwọn kan l'Ádó-Èkìtì, ẹnìkan ní Jámánì. Wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ náà, ohun tó ń dùn wọ́n níbẹ̀, ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbé wọn dé, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn yìí ní "ayàwòrán ìtàkùn", tí wọ́n sì ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní "iṣẹ́ ọ̀nà". Méjèèjì ló bí mi nínú, n ò sì ní fi bò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ohùn ṣáájú. Ọnà, ohùn àárín ló ṣíwájú, ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà, ìsàlẹ̀ méjì. Iṣẹ́ ọ̀nà ni èyí tí àwọn tó ń da ọ̀dà sí títì láàárín Adó àti Ìyìn ń ṣe. Ẹ má sọ fún mi pé òǹkàwé yóò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó lè kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láì ṣì wọ́n, kí ló dé tó fi sọ ọnà di ọ̀nà? Mo mọ ibi tí àrùn náà ti wá: àwọn èèyàn ń kọ̀wé láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn á wá fi àfojúbù to àmì sórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn á gbé e, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á dà á kọ.

Ẹ wo gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́ ọnà, ìpàjẹ gba ọ lọ, àpètúnpè sọ ọ́ dorúkọ. Ọnà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Ọnàbólú, ẹ wo Ọnàbánjọ. Ìdílé tí ọnà wà lọ́wọ́ wọn ló ń fi í sórúkọ, bí ìdílé ọdẹ ṣe ń fi Ọdẹ sí i, tí ti onílù ń fi Àyàn sí i.

Ó wá ku ayàwòrán. N kò bá ìsọdorúkọ rẹ̀ jà. A-, ya, àwòrán, ó gún. Ìtumọ̀ ni mo ń bá jà. Ní Èkìtì níbí, tí ẹ bá pe ayàwòrán, ẹni tí yóò dáhùn ni ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn níbi ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká sì wo ìtàn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé àbá ohun tí a wá ń pè ní web kalẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan, ní 1989, tí ìkànnì àkọ́kọ́ sì jáde ní 1991, kò sí àwòrán kankan lójú ewé náà. Ọ̀rọ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀ kó gbé wa lọ sí ewé mìíràn. Ó di 1993 kí Mosaic, ohun èlò tí a fi ń ṣí ìkànnì wò, tó gbé àwòrán wọ àárín ọ̀rọ̀, kí àwọn èèyàn káàkiri tó máa rí i. Ní 1994, Håkon Wium Lie dá CSS, èdè tí a fi ń sọ bí ojú ewé yóò ṣe rí, lábàá, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún web, fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 1996, kí ẹni tó ń ṣe ojú ewé lè sọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, bí ìlà kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì, irú àwọ̀ tí yóò wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ta ló ya àwòrán nínú gbogbo ìyẹn? Ní 2006, Oliver Reichenstein, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, kọ ọ́ pé ìdá 95 nínú ìdá 100 iṣẹ́ ojú ìkànnì ló jẹ́ ti lẹ́tà àti bí a ṣe tò ó. Tí a bá wá ń pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ayàwòrán, a ti fi ìdá márùn-ún sọ ọ́ lórúkọ.

Ọmọbìnrin Adó tí ẹ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ lójú ara rẹ̀. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣíṣe bánà fún ṣọ́ọ̀ṣì ní àgbègbè Fájuyì, kó tó di pé ẹnìkan ní kó bá òun ṣe ìkànnì. Ó ní kí òun tó fi àwọ̀ kankan kan iṣẹ́, òun á ti fa àpótí òfìfo sórí Figma, ohun èlò tí wọ́n fi ń to ojú ìkànnì lórí kọ̀ǹpútà, òun á ti mọ ibi tí ojú ẹni tó ṣí i yóò kọ́kọ́ bà lé, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ tẹ̀, ohun tó yẹ kó sún mọ́ra àti ohun tó yẹ kó jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú mi gbé ìwé náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀: pé nígbà tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì bá bi ìyá òun pé iṣẹ́ wo lọmọ rẹ ń ṣe, ìyá á ní "ó ń tẹ kọ̀ǹpútà ni", ojú gbogbo wọn á sì yí padà, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọ̀dọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà tó sì ń rí owó dọ́là ni yahoo. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ tó mọ́, kò sì ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ lè fi dáhùn. "Ayàwòrán ìtàkùn" kò lè gbà á. Ìyá kan tó bá ní ọmọ òun ń ya àwòrán ìtàkùn, ṣe ni wọn yóò bi í léèrè ìtàkùn wo.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká padà sórí ọnà. Ìlú mi ni Olówè ti Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba wa, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ. Ọba kò tà á, ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́hùn-ún títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé Olówè pín ojú igi sí ìpele-ìpele, ó mọ ibi tí Ọba yóò jókòó sí, ó mọ ibi tí òyìnbó tí wọ́n gbé ru yóò gbà wọlé, ó sì jẹ́ kí àwọn ère náà yọ síta lára igi débi pé òòrùn ń yí òjìji wọn padà. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ni: wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í, èèyàn ń gbà á kọjá. Ohun tí à ń lò tí a sì fi ìmọ̀ tò kí lílò rẹ̀ lè wu ojú, òun là ń pè ní ọnà, ojú ìkànnì sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tó tọ́ mi ní Ìkéré, tí wọ́n ń ra igbá fínfín lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò pe afíngbá ní ayàwòrán rí. Ọlọ́nà ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Nítorí náà, ọlọ́nà ìkànnì ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ kó gùn díẹ̀, kó pè é ní oníṣẹ́-ọnà ìkànnì.

Àbúrò wa kan láti Ìbàdàn ti fèsì sí mi níkọ̀kọ̀ pé ọlọ́nà yóò dún bí ẹni tó ni ọ̀nà, ó sì mú Ọlọ́run wá ṣe ẹ̀rí: oní + ọ̀run, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀run pòórá. Ọmọ náà mọ gírámà. Mo lè mú olóòótọ́ dá a lóhùn, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ òótọ́ ti takú pé òun ò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó ká mi lára jù kì í ṣe ti gírámà. Ta ló ni ọ̀nà ní ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tó ń dúró gba owó lọ́wọ́ èrò, oníbodè là ń pè é. Àyè ọlọ́nà ṣófo fún ẹni tó ni ín gan-an.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹlòmíràn, tí n kò ní dárúkọ, kọ ọ́ síbí pé àwọn tó ń pe ilé ní ulé kò yẹ kó máa dá sí ọ̀rọ̀ dídá. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá láti ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣáájú 1996, n ò tíì rí ìdí kan tí ulé, uyán àti uṣẹ́ fi ń ba èdè jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka-èdè kan tiẹ̀ gbà pé u yìí ló ti wà láti àtètèkọ́ṣe, pé Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di i. N kò fẹ́ fà á gùn lónìí. Tí ẹni náà bá fẹ́ ká jọ sọ ọ́, kó ṣí àkọlé tirẹ̀, èmi yóò wá bá a níbẹ̀.

Ìtàkùn ńkọ́? Mo mọ̀ pé "ìtàkùn àgbáyé" ti wọ ẹnu àwọn èèyàn, pàápàá lórí rédíò. Ẹni tó dá a lò rò pé òun rí ta okùn nínú rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú aláǹtakùn. Ẹ gbọ́ ohùn wọn: ta ti aláǹtakùn, àárín ni, tà ti ìtàkùn, ìsàlẹ̀ ni. Èyí tó ní kí erin má wọ odò ni ìtàkùn, inú igbó ló ń gbé. Èmi á máa lo ìkànnì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ku máa bá ìtàkùn lọ títí a ó fi jókòó lé e.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yí padà. Ọkùnrin Jámánì yẹn mẹ́nu ba àrà tí Ethan Marcotte, tí òun náà ń ṣe ojú ìkànnì, sọ ní "responsive web design" ní oṣù Kàrún-ún 2010, pé kí ojú ewé kan náà máa tún ara rẹ̀ tò fún fóònù kékeré àti kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹ̀gbọ́n pè é ní "ìkànnì adáhùn". Ta ni ìkànnì ń dá lóhùn? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ni Marcotte fúnra rẹ̀ ní òun ti rí èrò náà, ilé tí ògiri rẹ̀ ń yí padà bí èèyàn ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń bá àyè mu. Ẹ jẹ́ ká pè é ní abáàyèmu. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o: àyè ni mo wí, n kò wí ayé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo ìjíròrò náà ni ti ọmọkùnrin Èkó tó ní kí òun tó yan irú lẹ́tà fún ìkànnì èyíkéyìí, "ẹ́" àti "ọ̀" ni òun kọ́kọ́ ń tẹ̀ láti fi dán an wò. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn! Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ọ ní tirẹ̀, U+1ECD. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, ọ̀ kò sì ní. A ní láti mú àmì ohùn, U+0301 tàbí U+0300, wá gùn wọ́n lórí. Tí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà kò bá ro tiwa mọ́ ọn, àmì á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ọmọ yìí ní òun ti kọ oríṣi lẹ́tà tó lẹ́wà sílẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un sì bínú. Ẹni tó jẹ irú ìyà yẹn nítorí ohùn, tí a wá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ àkọlé "iṣẹ́ ọ̀nà", a ò ṣe é dáadáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ kó tó di ìwé. Mo ṣe tán láti bá yín ka gbogbo rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, kí n sì to àmì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ó ku ìbéèrè kan tí n kò tíì rí ìdáhùn sí. Gbogbo àwọn tí ẹ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀ ló ní àkójọ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń fi han ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n pè é ní "àpò iṣẹ́", àwọn kan ní "àkójọ iṣẹ́". Ìkíní jọ ohun tí bíríkìlà ń gbé kọ́ èjìká, èkejì kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Ó dá mi lójú pé nígbà tí afíngbá bá lọ sọ́jà, èyí tó fín dáadáa jù ló ń kó síwájú kí oníbàárà lè fi mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí igbá fínfín pọ̀ lọ́dọ̀ yín, orúkọ wo ni wọ́n ń pe èyí tí kì í ṣe títà, tó jẹ́ wíwò nìkan?