Irun Ọ̀ṣun kọ́, agbọnminù ni

Níbi tí a ti ń jíròrò lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn ewé, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Zaria dábàá pé ká máa pe Adiantum capillus-veneris, ewé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní maidenhair fern, ní "irun Ọ̀ṣun". Àlàyé wọn ni pé "irun Venus" ni capillus-veneris lédè Látìn, Venus sì ni òrìṣà ẹwà àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ta la ní tó jọ ọ́ bí kò ṣe Ọ̀ṣun? Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yẹn dùn létí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Bẹ́ẹ̀, ara àpáta tí omi ń sun jáde nínú rẹ̀ ni ewé yìí ń hù sí, létí odò, nínú ọ̀gbun bíi Grand Canyon ní Amẹ́ríkà. (Ẹnì kan nínú wa pe irú ibẹ̀ ní àfonífojì. Kò jìn tó lójú tèmi.)

Ìdajì orúkọ náà lẹ fò. Nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1753, Adiantum ló fi ṣáájú, ọ̀rọ̀ Gíríìkì sì ni: èyí tí kì í tutù. Ẹ da omi sí i, á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Mo ra ìbátan rẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn olódòdó etí títì ní Gwarinpa. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn bu omi wọ́n ọn, wọ́n ní, "Àbí ọmọ ewé kókò lèyí ni?" Wọn ò gbọ́ Gíríìkì o. (Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọyẹ́ Àbújá fi pa á.)

Bí àwa náà ṣe ń sọ ewé lórúkọ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan patanmọ́, á patan mọ́ lóòótọ́. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò bi Látìn léèrè. Ìdí tí mo fi mú agbọnminù wá nìyẹn: a-gbọn-omi-nù. Ẹni tó bá sáré kà á, kì í ṣe Ìgbómìnà o!

Mo gbà pé irun bá a mu, torí igi tó gbé ewé rẹ̀ dúró dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Bó bá di dandan, irun àpáta ò burú.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó kọ "irúgbìn rẹ̀" nínú ìjíròrò wa yí i padà. Kò ní òdòdó, kò ní irúgbìn. Eruku kíkúnná tó sá pamọ́ sábẹ́ etí ewé tó ṣẹ́ po ló fi ń bí sí i. Kí la ó wá pe eruku yẹn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ.