Ọ̀nà oko wo ni mo lè gun kẹ̀kẹ́ gbà ní Ìjùmú àti Bùnú láìpàdé tírélà?

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Àbújá ni mò ń gbé, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí, ni ilé bàbá mi. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, irú tí wọ́n ń pè ní gravel: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, àmọ́ táyà rẹ̀ fẹ̀, mílímítà 40, kó lè gba ojú ọ̀nà eruku. Ojú títì ni mo ṣì ń gùn ún níbí, lójoojúmọ́ ni onímọ́tò kan sì ń fẹ́ gbá mi dànù.

Mò ń bọ̀ wálé fún Kérésì títí wọ ọdún tuntun, mo sì fẹ́ gùn kiri orí òkè àti inú igbó wa. Mo wo àwòrán ilẹ̀ lórí Google, mo rí ọ̀nà pupa tín-ín-rín káàkiri láàárín Ògìdì, Ìyàrà àti Kàbà, òmíràn sì forí lé Bùnú. Ṣùgbọ́n máàpù kì í sọ èyí tí afárá rẹ̀ ti já, tàbí èyí tó parí sínú oko iṣu ẹlòmíì. Mo lè gun kìlómítà 50 lójúmọ́ tí òkè kò bá pọ̀ jù. Ìyàwó mi ní kí n béèrè ọ̀rọ̀ ààbò náà, ó ní òun kò tíì ṣetán láti di opó nítorí kẹ̀kẹ́.

Tíṣà Oníkajú

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀, Òkun. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, oko kajú mi wà lẹ́yìn Ìyàrà, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe ti ìgbàlódé bíi tìrẹ o, Raleigh onírin tó wúwo ni.

Kọ́kọ́ yọ ọ̀nà Lọ́kọ́jà kúrò lọ́kàn. Láti Ọbájánà dé Kàbà, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, kìlómítà 43, ó dán, ó wu ojú, ṣùgbọ́n tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ín. Ọ̀nà Kàbà sí Ọ̀mùò náà ńkọ́? Àwọn tó ń sáré lọ sí Èkìtì kì í wo ẹ̀gbẹ́. Tí títì bá wà lójú ọ̀nà rẹ, dá a kọjá sí òdìkejì, má bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ gan-an nìyí: má wá ọ̀nà tí kò sí ẹnì kankan. Ọ̀nà tí kò sí mọ́tò yàtọ̀ sí ọ̀nà tí kò sí èèyàn. Èyí tí àgbẹ̀ ń gbà láàárọ̀, tí àwọn obìnrin ń ru igi gbà bọ̀, tí ọ̀kadà kan ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni tìrẹ. Bí o bá ń lọ tí o kò rí ipasẹ̀ táyà ọ̀kadà tuntun nínú eruku mọ́, tí koríko ti hù láàárín ọ̀nà, yí padà. Igbó wa kò rí bó ṣe rí láyé bàbá rẹ, ajínigbé ti bà á jẹ́, gbogbo wa la mọ̀. Aago méje àárọ̀ ni kí o jáde, nígbà tí àwọn ará oko ń jáde, kí o sì ti wọlé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn apá Ògìdì nìyẹn. Òkè àpáta yí ìlú ká, ọ̀nà oko ń gba ẹsẹ̀ òkè, èèyàn sì ń bẹ nínú oko. Ilẹ̀ pupa ni, yangí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Òkè ibẹ̀ kì í gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró gan-an, bí o bá sọ̀ kalẹ̀ tán ni òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ kò bá ní jíà tó fúyẹ́ dáadáa, wàá fi ọwọ́ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, èmi náà ń tì í. Bí o bá wọ ìlú, ya ilé iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì, dá sílẹ̀ níbẹ̀, kí o wo aṣọ.

Oṣù tí o mú dára, òjò ti dá, ọyẹ́ ti dé. Iná igbó ló kù. Bí o bá rí èéfín níwájú, wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí o tó wọ̀ ọ́. Má jẹ́ kó di February tàbí March o. Kajú á ti máa pọ́n, mọ́tò àwọn tó ń rà á á kún ọ̀nà oko, ibi tí ẹyẹ nìkan ń ké á wá dà bí Ọ̀ṣòdì.

Àbẹ̀kẹ́ Bùnú

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àfi ti Bùnú tí ẹ kò mẹ́nu bà. Ó lẹ́wà ju Ìjùmú lọ, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n abúlé jìnnà síra wọn níbẹ̀, igbó sì ki. Ẹ̀gbọ́n Gbẹ̀dẹ̀, ẹ má dá wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ kí ọba abúlé, ẹ ní kó fún yín ní ọdẹ kan tó ní ọ̀kadà, kó máa ṣáájú. Ẹ ra epo sí i, ẹ fún un lówó obì. Òun ló mọ odò tó ti gbẹ àti èyí tí igi gẹdú méjì péré wà lórí rẹ̀.

Yàgbà Bọ̀rọ̀kìní

Bí òkè bá sú yín, ẹ wá sí Èjìbà lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ tẹ́jú ní oko bomirin ìsédò Òmì, lórí odò Kámpè. Ẹ ó tún rí ẹja jẹ.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Tíṣà, Ògìdì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ka apá ti ajínigbé sí ìyàwó mi létí. Ó ní kí ọdẹ tẹ̀ lé mi lọ sí Ògìdì náà. Ìbéèrè kan ló kù: bí táyà bá jò ní Kàbà, ṣé fọkanáísà lè tún un ṣe?

Fọkanáísà Kàbà

A lè lẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn wo ẹnu fáàbù yín. Bó bá tín-ín-rín, tó ní orí kékeré kan tí ẹ gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, ẹ̀rọ wa kò ní gbà á, ti mọ́tò àti ọ̀kadà la ní. Idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń wé mọ́ ọn kó lè bá tiwa mu. Ẹ ra mẹ́ta ní Àbújá, nítorí ó máa ń sọnù. Ẹ gbé túbù tiyín náà wá, ìwọ̀n yẹn kò sí lọ́jà wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ ẹ le gbandi. Táyà mílímítà 40, PSI 35 sí 40 lórí geji ti tó, àfi tí ẹ bá sanra. Bó bá le jù, yangí á máa ta yín sókè, bó bá sì rọ̀ jù, òkúta á gé túbù mọ́ ríìmù. Ẹ ní kó wo geji, kó má kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.