Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: BP mi ga, orí ń fọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi

Ìyá Àdùkẹ́, Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, àtẹ̀yin bọ̀ọ̀dá tó wà níbí. Ẹ má bínú ó máa gùn díẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Oyún oṣù méje ló wà nínú mi, èkejì mi nìyí. Nínú ti àkọ́kọ́, BP mi lọ sókè nígbà tó kù díẹ̀ kí n bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, a dúpẹ́ ọmọ yè èmi náà yè. Tèyí, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, mo ní ṣebí oyún ni, àfìgbà tí ojú náà wú, òrùka ò bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́, orí wá ń fọ́ mi níwájú, mo lo parasitamọ́ọ̀lù kò gbọ́. Tí mo bá dìde báyìí, á dà bí ẹni pé ìràwọ̀ ń fò lójú mi.

Mo lọ síbi tí mo ti gba káàdì. Wọ́n wọn BP mi, 150/100. Nọ́ọ̀sì ní mò ń ronú jù, kí n lọ sinmi, kí n dín iyọ̀ kù, kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní mà, orí ń fọ́ mi o, wọ́n ní aboyún wo lorí kì í fọ́. Mo fẹ́ sọ ti oyún àkọ́kọ́ fún wọn, wọ́n ti pe ẹni tó kàn. Wọn ò gba ìtọ̀ mi rárá. Ojú tì mí, mo bá wọ mícra padà sílé.

Ìyá ọkọ mi (èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn mi) wá ní kí n má padà sí ọsibítù mọ́, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tún ń wá, kí n jẹ́ ká lọ sílé àgbẹ̀bí ìjọ àwọn lápá Ọjọ́ọ̀. Ọkọ mi wà l'Ékòó níbi iṣẹ́, ó ní ohun tí màmá bá ti sọ ni ká ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ló wá ń bínú sí mi lórí Wọ́sáàpù, wọ́n ní irú èyí ló ń pa obìnrin dúdú lọ́dọ̀ àwọn, kí n padà lọ kí n lanu sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń lanu sọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì tí wọn ò fi ní sọ pé mo yájú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àpáta

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má ka èsì tán kẹ́ ẹ tó dìde. Agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìntì. BP tó bá ti dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, a kì í fi í ṣeré. Tí orí fífọ́ tí oògùn ò ràn bá tẹ̀ lé e, tí ojú ń rí ìràwọ̀, tí ojú àti ọwọ́ wú, ọ̀rọ̀ ìsinmi ti tán níbẹ̀. Pre-eclampsia, àìsàn BP gíga tí oyún máa ń fà, la máa kà á sí títí wọ́n á fi yẹ̀ yín wò dáadáa tí wọ́n á ní kì í ṣe òun. Láti ara olóbì (ibi ọmọ) ló ti ń ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe ìrònú, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe yín. Ó máa ń mú kíndìnrín, ó máa ń mú ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ bó ṣe yẹ, tó bá wá gun ọpọlọ, gìrì ló máa gbé ìyá.

Ìtọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n fi bébà tẹ́ẹ̀sì wò ó bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ó dùn mí pé wọn ò ṣe é, torí ẹni tó bá ti ní in nínú oyún kan, ó rọrùn kó tún yọjú nínú òmíì, ó yẹ kó ti wà lójú káàdì yín pẹ̀lú bírò pupa. Ó tiẹ̀ yẹ kí dókítà ti fún yín ní aspirin kékeré láti nǹkan bí oṣù kẹta, ṣùgbọ́n àsìkò ìyẹn ti kọjá, ẹ má lọ rà á lò fúnra yín báyìí.

Ibi tí dókítà aboyún wà mọ́jú ni kẹ́ ẹ lọ, Adéọ̀yọ́ ní Yemetu tàbí UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn. Lálẹ́ òní ni o. Ẹ má dá lọ.

Àdùnní, Bẹẹrẹ

Ẹ fara balẹ̀ mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Èmi ní oògùn BP màmá mi nílé, lisinopril, wọ́n ti ń lò ó tipẹ́, mo lè fún yín ní ìdajì ìdajì kó fi wálẹ̀ kó tó di pé ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àpáta

Àdùnní ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n rárá o. Lisinopril àtàwọn ẹbí ẹ̀ máa ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Oògùn BP tí aboyún ń lò yàtọ̀, dókítà ló máa mú èyí tó bá a mu. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ wí yìí ti pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì, Yemetu

Èmi fẹ́ dáhùn ohun tó béèrè gan-an, torí ìtìjú yẹn ń ṣe púpọ̀ nínú wa, èmi náà ti jókòó síwájú nọ́ọ̀sì rí tí ohùn mi ò jáde.

Ìbàdàn la wà, tẹ́ ẹ bá wọlé pẹ̀lú ariwo wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ jókòó síta. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú wàhálà àwa aboyún, kíkí ò ní kẹ́ ẹ má sọ tẹnu yín. Tẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ẹ má ní "ara mi ò yá", ta lara ẹ̀ yá níbẹ̀? Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní: "Oyún oṣù méje ni mà, BP mi jẹ́ 150/100, orí ń fọ́ mi, parasitamọ́ọ̀lù ò ràn án, ojú mi ń rí ìràwọ̀, mo ní BP nínú oyún àkọ́kọ́, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ìtọ̀ mi wò, mo sì fẹ́ rí dókítà." Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ ẹ máa kà á tí ẹ̀rù bá mú yín gbàgbé.

Tí wọ́n bá tún ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú káàdì pé mo sọ báyìí, pé ẹ sì ní kí n máa lọ." Ọ̀wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dìde lórí àga. Mo rí ibi tí gbólóhùn yẹn nìkan ti mú kí wọ́n sáré pe dókítà fún àbúrò mi. Ẹni tó bá máa bá yín lọ, kó jẹ́ ẹni tó lè sọ̀rọ̀, torí tó bá rẹ̀ yín, òun ló máa di ẹnu yín.

Ìyá Dára, Maryland

Ẹ̀gbọ́n yín ní Houston ò parọ́ o. CDC tó ń kó ìṣirò ìlera jọ níbí sọ pé lọ́dún 2023, nínú ọmọ 100,000 tí wọ́n bí láàyè, ìyá dúdú tó kú lé ní 50, ìyá funfun ò tó 15. Owó àti ìwé ò gbani lọ́wọ́ ẹ̀. Shalon Irving, CDC yìí gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀mọ̀wé ni, ìlera aráàlú ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó bímọ ní January 2017, lẹ́yìn ìbí BP ẹ̀ ń lọ sókè, ẹsẹ̀ wú, ó ń padà lọ fara hàn wọ́n, wọ́n ń ní kó máa lọ sílé, ọmọ ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà tó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún 36.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Serena Williams, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-tẹ́nìsì, bímọ. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, bí mímí ṣe ṣòro fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ti mọ ohun tó ń ṣe é, ó dárúkọ tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́, ó dárúkọ oògùn. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á lórí rú. Kò dákẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò sí nǹkan, ó ní àyà ni kí wọ́n wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀jẹ̀ dídì. Serena tí gbogbo ayé mọ̀ o! Torí náà ẹ má rò pé torí ẹ jẹ́ ọmọ Mọ́níyà tí ò mọ ẹnì kan ni wọn ò fi gbọ́ yín.

Bàbá Tolú, Challenge

Àwa tá a wà nílé la ní iṣẹ́ jù, torí tiwa burú ju ti Amẹ́ríkà lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣírò ẹ̀ fún Nàìjíríà lọ́dún 2023, ìyá 993 ló kú nínú ìbí 100,000. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ fi ibí yìí han ọkọ yín. Arákùnrin mi, ìwọ lo ni aya, ìwọ lo ni oyún. Pe màmá lórí fóònù fúnra ẹ, sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o fẹ́ kí ìyàwó ẹ lọ sí ọsibítù lálẹ́ yìí, má jẹ́ kó jẹ́ ìyàwó ẹ ló máa dúró láàárín ìwọ àti màmá. Fi owó ránṣẹ́, ẹ wá onímícra tó lè gbé fóònù lóru, kó o sì bọ́ sọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ láti ìsinsìnyí.

Fẹ́mi ọmọ ìjọ, Ọjọ́ọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká máa bú ilé àgbẹ̀bí, ibẹ̀ ni ìyàwó mi bí mẹ́ta sí. Ṣùgbọ́n màmá tó wà ní tiwa, tó bá ti gbọ́ pé BP wà níbẹ̀, kò ní gba aboyún yẹn wọlé, á ní ẹ lọ sí ọsibítù, àdúrà á máa bá yín lọ. Ẹ bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n tẹ̀ lé yín, kí wọ́n máa gbàdúrà lójú ibẹ̀. Wọn ò ní kọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àpáta

Ó ṣé Fẹ́mi. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ mọ èyí: tí gìrì bá gbé e lọ́nà, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ má fi tipátipá dì í mú. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì kí itọ́ lè ṣàn jáde, kẹ́ ẹ máa sáré lọ.

Ìyá Àdùkẹ́, Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń tẹ èyí. Nígbà tá a débẹ̀ BP ti di 165/110, wọ́n gba ìtọ̀, purotéènì ++. Ìyá ọkọ mi ló bá mi sọ̀rọ̀ o, torí orí ń fọ́ mi débi pé mi ò lè la ojú, bébà tí mo kọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kà. Wọ́n ti fún mi ní abẹ́rẹ́ magnesium, ó gbóná lára bí iná, wọ́n ní kí gìrì má bàa gbé mi ni. Wọ́n tún gún mi ní abẹ́rẹ́ tó máa ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́wọ́. Dókítà ní àwọn máa gbìyànjú kó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú, ṣùgbọ́n tí tèmi bá ń burú àwọn á gbé e jáde. Ọkọ mi ti wà lọ́nà. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí báyìí, ọ̀sẹ̀ 31 péré ni.

Ìyá Dára, Maryland

Ọlọ́run ṣeun! Allyson Felix tó ti sáré fún Amẹ́ríkà, irú nǹkan yìí ló mú un lọ́dún 2018, ọ̀sẹ̀ 32 ni wọ́n gbé ọmọ jáde, ọmọ yẹn ti dàgbà, ìyá ẹ̀ sì tún lọ gba góòlù ní òlíńpíìkì Tokyo. Tori Bowie tí wọ́n jọ sáré gba góòlù ní Rio ni kò rí bẹ́ẹ̀, ilé ló kú sí lóun nìkan pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2023. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àpáta

Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń gbóná, ẹ fara dà á. Tí mímí bá ṣòro tàbí tí ìtọ̀ ò wá mọ́, ẹ sọ fún wọn kíá. Tí wọ́n bá gbé ọmọ jáde, ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa gbé e sí àyà, ara yín sí ara ẹ̀, ó dáa púpọ̀ fún ọmọ tí ò tíì tó oṣù.

Màmá ọkọ, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà máa ka èyí: bíbí ò tán BP yìí o. Títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbí ó ṣì lè dìde. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n léraléra, ọjọ́ ìkómọ pàápàá, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàlejò. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré sílé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọsibítù lágbègbè UCH, kí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá gba apá ẹ̀, torí tó bá kéré jù irọ́ ló máa pa. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí orí bá tún fọ́ ọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ṣadé, Sángo

Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, oyún oṣù márùn-ún ni tèmi, wọ́n ń wọn BP mi tí mo bá lọ ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì gba ìtọ̀ mi, ṣé ó yẹ kí n sọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àpáta

Ẹ sọ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ló yẹ kí wọ́n gbà á. Ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ? Tí wọn ò bá ní bébà tẹ́ẹ̀sì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ rà á dání.