Àbọ̀ lórí àwọn ẹyẹ olówùú mi: mo ti pín wọn tán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ó rántí pé mo béèrè bí mo ṣe lè pín àwọn ẹyẹ kéékèèké tí mo fi òwú hun fún àwọn ará àdúgbò. Gbogbo 40 ti lọ, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ẹni tó ní kí n yọ bọ́tìnì ojú wọn, ẹ ṣeun gan-an. N kò tiẹ̀ rò ó pé ọmọ kékeré lè já a, kó sì há a lọ́fun. Òwú dúdú ni mo fi rán ojú náà báyìí. Wọ́n wá dà bí ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ń kàn. Kò bọ́ sí i rárá! Bí mo bá ti na ẹ̀bùn síni, onítọ̀hún á máa wá ohun tí yóò fi san án padà. Ìgbà tí mo ń fi wọ́n sórí àga ibi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, tí mo so ìwé pélébé mọ́ wọn lọ́rùn pé "Ẹni tó bá rí mi ló ni mí", ni ara tó tu gbogbo wa. Òjò pa mẹ́ta ṣá.

Lánàá, mo bá ẹyẹ kan tí kì í ṣe tèmi lórí àga yẹn. Bébà ni wọ́n ká fi ṣe é, ìyẹ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Mo ti gbé e sójú fèrèsé mi.