Mo ríṣẹ́ ìgbà ooru ní Estes Park, àwọn òbí mi ò fẹ́ kí n lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Yunifásítì ni mo wà ní Houston. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Estes Park, ní Colorado, fẹ́ gbà mí síṣẹ́ títún yàrá ṣe láti ìparí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, wọ́n á sì fún mi ní ibùsùn. Ẹnu ọ̀nà Rocky Mountain National Park, ọgbà ìjọba tó kún fún òkè gíga, ni ìlú náà wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí òkè ńlá bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ní béárì á pa mí jẹ. Bàbá mi ní ikọ́ fée tó ń ṣe mí láti kékeré ò ní jẹ́ kí n rí èémí mí lókè yẹn. Mi ò sì ní mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí iṣẹ́ ò fi ní gba gbogbo àsìkò mi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Denver:
Lọ o, àbúrò. Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Béèrè iye tí wọ́n á máa yọ nínú owó rẹ nítorí ibùsùn, ẹ̀yin mélòó lẹ máa jọ wà nínú yàrá, àti iye wákàtí tó dájú lọ́sẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Colorado ní 2025 jẹ́ dọ́là 14.81 ní wákàtí kan, ó ju ìlọ́po méjì 7.25 ti Texas lọ, àmọ́ owó ibùsùn lè jẹ ẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Aago iṣẹ́ ló tún ṣe pàtàkì jù. Àárọ̀ ni wọ́n ń tún yàrá ṣe, àárọ̀ náà ló sì yẹ kéèyàn gun òkè. Nígbà ooru, tó bá ti di ọ̀sán, òjò á ṣú, àrá á máa sán, ibi tí kò sígi kankan lókè yẹn ni mànàmáná ti ń pa èèyàn. Kó tó di agogo méjìlá ló yẹ kó o ti máa sọ̀ kalẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ́ sílé oúnjẹ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wàá rí àárọ̀ lò, wàá sì tún máa rí típù.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí, bàbá rẹ kò sọ àsọdùn. Estes Park ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7,522, Houston sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba; bí ibì kan bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí ṣe ń dín kù. Rí dókítà rẹ kó o tó lọ, kí inhaler má sì kúrò lápò rẹ. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, má gun òkè kankan: mu omi dáadáa, kó o sì sùn. Tórí fífọ́ bá ń le sí i, tó o bá ń bì, tàbí tó ò lè mí dáadáa lórí ìjókòó, sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn kíá. Má sọ pé o fẹ́ fara dà á.

Àrẹ̀mọ, Fort Collins:
Má kúrò níbẹ̀ láìdé Trail Ridge Road. Títì ọlọ́dà tó gba inú ọgbà náà kọjá ni, ó ga dé ẹsẹ̀ bàtà 12,183. Yìnyín ló ń dí i, ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n sábà ń ṣí i. Igi kì í hù lókè níbẹ̀, òdòdó wínníwínní tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ló lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láàárín òkúta. Ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè jọ dáwó epo. Ní ti Bear Lake, adágún omi kan nínú ọgbà náà, bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Estes Park nígbà ooru, ṣùgbọ́n tètè gba ààyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Sọ fún màmá pé béárì ibẹ̀ sábà máa ń sá féèyàn. Elk ni kó o ṣọ́ra fún, ẹranko bí àgbọ̀nrín tó tóbi ju ẹṣin mìíràn lọ, tó ń rìn kiri láàárín ìlú. Nínú oṣù kẹfà, abo tó ní ọmọ lẹ́yìn lè kọlu èèyàn. Ẹsẹ̀ bàtà 75 lòfin ní kó o fi jìnnà sí i, 120 fún béárì.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti owó ibùsùn. Mo máa rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé mo lè máa se oúnjẹ wa níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Denver:
Béèrè bóyá ibi ìdáná wà. Omi ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná dé ibi tó ń gbóná dé ní Houston, nítorí náà ẹ̀wà kì í tètè jinná. Mú pressure pot dání, kó o sì ra ẹ̀wà olóyin ní Houston kó o tó gbéra.